Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ológbò bù jẹ: kí ni ká ṣe fún un nílé?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Mọ́níyà la ń gbé, ní Ìbàdàn. Lálẹ́ àná, ológbò aládùúgbò wa gbé ọ̀kẹ́rẹ́ kan wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ojú eyín wà ní ìhà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn kan sì ń wọ́ nílẹ̀. Mo tú Ampiclox sójú ọgbẹ́ náà, mo gbé mílíìkì agolo àti ẹ̀pà síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn dákẹ́ síbẹ̀ ni, kò sá, kò bù wá jẹ. Ọmọ mi ní ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ sí wa nìyẹn, ó fẹ́ ká máa sìn ín. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ bá mi kí ọmọ náà, àánú tó ní sí ẹranko yìí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àyà mi ti já nínú ìwé yín ni ibi tí ẹ ti ní ó dákẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò. Ẹni tó bá ti rìn nínú oko kòkó rí mọ ohun tí òwe yẹn ń wí. Tí ọ̀kẹ́rẹ́ bá tajú kán rí ejò tàbí àṣá, orí ẹ̀ka ni yóò dúró sí, yóò máa ju ìrù, yóò sì máa ké kíkankíkan títí gbogbo igbó yóò fi mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ẹranko tí a dá irú ẹnu bẹ́ẹ̀ fún, tó wá jókòó sọ́wọ́ ọmọ ènìyàn tí kò ké, tí kò jà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Ìpayà ló dì í mú. Ọkàn rẹ̀ ń sáré, ara rẹ̀ ń tutù, ẹ̀jẹ̀ ti sá kúrò ní ẹsẹ̀ àti etí rẹ̀ lọ sínú. Lójú tirẹ̀, ológbò mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ni gbogbo yín. Bí ẹ bá ń fọwọ́ pa á lórí, tí ẹ ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìpayà náà ń pọ̀ sí i ni. Àwọn mìíràn a máa kú lọ́wọ́ ẹni tó ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, láìsí pé ọgbẹ́ wọn tó pa wọ́n.

Nítorí náà, kí ẹ tó ka ìwé yìí tán, ẹ gbé mílíìkì àti ẹ̀pà yẹn kúrò níwájú rẹ̀. Ohun tó nílò báyìí kò ju mẹ́ta lọ: ooru, òkùnkùn, àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹ wá páálí Indomie tó ṣófo. Ẹ dá ihò kéékèèké sí i lára kí ẹ tó gbé ẹranko náà sínú rẹ̀, torí ariwo páálí tí wọ́n ń gún nígbà tó ti wà nínú rẹ̀ tó láti pa á. Ẹ tẹ́ aṣọ àǹkárá tó ti gbó sí i. Ẹ má lo tówẹ̀lì: èékánná ọ̀kẹ́rẹ́ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, yóò há sínú okùn tówẹ̀lì, yóò sì já ara rẹ̀ gbà títí èékánná yóò fi yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi gbígbóná sínú ike kékeré tó ní ìdérí, kó gbóná mọ bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ fi sí apá kan páálí náà, kí ẹ fi apá kejì sílẹ̀ lófo. Bí ooru bá pọ̀ jù fún un, yóò lè sún kúrò. Tí ike bá ti tutù, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ ní imú tàbí etí rẹ̀, tàbí tí orí rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí ló fara pa. Ẹ má fi ooru sí i púpọ̀ nígbà náà, kí ohun tó wú nínú orí má bàa wú sí i.

Ẹ bo páálí náà, kí ẹ gbé e sí yàrá tí kò sí tẹlifíṣọ̀n, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò dé, tí ajá kò lè wọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí èèrà. Ẹranko tó ní ọgbẹ́ tí kò lè sá, èèrà lè jẹ ẹ́ láàyè láàárín òru kan. Ẹ gbé páálí sórí tábìlì, kí ẹ ki ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan sínú agolo omi.

Tí ẹ bá ní láti gbé e, ẹ da aṣọ tó nípọn bò ó, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú pẹ̀lú aṣọ náà. Ẹ má fa ìrù rẹ̀ láéláé. Awọ ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ a máa bọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, egungun nìkan ni yóò kù, kò sì ní hù padà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ló kàn. Ẹ bi í léèrè dáadáa, kó má bẹ̀rù pé ẹ óò nà án: ṣé ó bù ú jẹ, ṣé ó há a léèékánná, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tàbí itọ́ rẹ̀ kan ojú, ẹnu tàbí ibi tó bó lára rẹ̀? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì wo bóyá abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni ti dìgbòlugi. Ajá ló ń kó dìgbòlugi ran àwọn ènìyàn nílẹ̀ wa. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí a tó rí i lára ọ̀kẹ́rẹ́, síbẹ̀ dókítà tó bá wo ojú ọgbẹ́ náà ni kó sọ ohun tó kù ní ṣíṣe.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ju ìyẹn lọ ni mpox, tí a mọ̀ sí monkeypox tẹ́lẹ̀. Orúkọ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, wọ́n rò pé ara ọ̀bọ nìkan ló ń gbé. Ní ọdún 1985, ara ọ̀kẹ́rẹ́ igbó kan ní Zaire, tí a ń pè ní Congo lónìí, ni àwọn onímọ̀ ti bá kòkòrò àrùn náà. Ní ọdún 2003, wọ́n kó àwọn ẹranko kéékèèké láti Ghana lọ tà ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ẹran ọ̀sìn, òkété àti ọ̀kẹ́rẹ́ wà lára wọn, àrùn náà sì ti ara wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹranko mìíràn tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ wọn, ó wá ran àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Nílẹ̀ wa níbí, ọmọkùnrin ọdún mọ́kànlá kan ní Bayelsa ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀ nígbà tó tún yọjú ní 2017. N kò sọ pé ọ̀kẹ́rẹ́ yín ní i. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí àgbàlagbà kan ṣoṣo máa tọ́jú rẹ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, kó má jẹ́ aláboyún, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà sí i pátápátá. Bí ibà, orí fífọ́, kókó ọrùn tó wú tàbí èéwo bá yọ sí ẹnikẹ́ni nínú ilé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ tọ́jú ọ̀kẹ́rẹ́. Wọn kò ní mọ̀ láti béèrè bí ẹ kò bá sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí mílíìkì. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́, wọ́n gbé ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré kan wá bá mi tó já bọ́ láti orí igi àgbọn. Ebi ń pa á, mo sì ń kánjú. Mo gbé e dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn bí ọmọ ọwọ́, mo ń fún mílíìkì sí i lẹ́nu. Ó ń mu, inú mi dùn. Nígbà tó yá, ìfófòó funfun yọ ní ihò imú rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn kan láyà rẹ̀ tó ń dún bí ìgbà tí iná ń jó koríko tútù. Inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni mílíìkì náà ti wọ̀. Ó kú kílẹ̀ tó mọ́. Èmi ni mo pa á, igi àgbọn kọ́. Láti ìgbà yẹn ni n kò ti fi ohun mímu sẹ́nu ẹranko tó ń gbọ̀n tàbí tó tutù mọ́, n kò sì dojú èyíkéyìí kọ òkè rí. Mílíìkì màlúù fúnra rẹ̀ tún ń ba inú wọn jẹ́. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń fún wọn, ẹranko tó kéré báyìí kò sì ní omi púpọ̀ lára tó lè sọnù.

Nígbà tí ara rẹ̀ bá ti móoru, tó ti ń gbé orí, ẹ fún un ní omi ORS, oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ẹni tí omi tán lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Ẹ po àpò rẹ̀ sínú omi mímọ́ lítà kan bí wọ́n ti kọ ọ́ sí i lára, kí ẹ bu díẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ mú síríńjì mílílítà kan tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí àyà rẹ̀, kí orí rẹ̀ wà nílẹ̀ bó ṣe máa ń wà tó bá ń mu omi ìrì lórí ewé. Ẹ fi ẹ̀kán omi kan ṣoṣo kan ètè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé kò rí i. Ẹ dúró. Ahọ́n rẹ̀, tó tín-ín-rín tó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, yóò yọ jáde yóò lá a. Ìgbà náà ni ẹ óò tó fi ìkejì sí i. Tí ó bá ti mu mílílítà méjì sí mẹ́ta, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó tún gbìyànjú. Tí omi bá yọ nímú rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ lè mọ bí òùngbẹ ti gbẹ ẹ́ tó: ẹ fi ìka méjì rọra gbé awọ èjìká rẹ̀ sókè, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí awọ náà bá dúró gọngọ bí àgọ́ dípò kó pa dà sẹ́yìn kíá, omi ti tán lára rẹ̀.

Gbogbo èyí, ìmúra ìrìn àjò ni. Ọgbẹ́ ẹnu ológbò kì í ṣe ọgbẹ́ tí a ń tọ́jú nílé parí. Eyín ológbò rí bí abẹ́rẹ́: ihò tó dá kéré, ṣùgbọ́n ó jìn, ojú rẹ̀ a sì tètè pa dé. Ẹ óò máa wò ó bí ẹni pé ó ti ń jinná, nígbà tí bakitéríà tí ń jẹ́ Pasteurella, tó kún ẹnu ológbò, ti wà lábẹ́ awọ tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ológbò bù jẹ tí kò rí oògùn apakòkòrò tó yẹ láàárín ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ wọn kì í là á. Lálẹ́ àná ni ti yín ṣẹlẹ̀, nítorí náà òní ni, kì í ṣe ọ̀la.

Ampiclox tí ẹ tú sí i, mo mọ̀ pé gbogbo ilé ló ń ṣe é, fún ènìyàn àti fún adìyẹ. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀ ihò eyín, ó kàn ń di èépá lé e lórí ni. Ewu rẹ̀ sì tún wà lẹ́nu: ọ̀kẹ́rẹ́ yóò lá ara rẹ̀. Ampisilín tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ oògùn tó lè pa ehoro àti ẹmọ́ òyìnbó bí wọ́n bá gbé e mì, torí ó ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń bá wọn lọ oúnjẹ nínú ìfun. N kò ní fi ọ̀kẹ́rẹ́ dán an wò. Ẹ sè omi, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi ṣíbí tíì kan iyọ̀ sínú ìlàjì lítà rẹ̀, kí ẹ fi síríńjì fọ ìyẹ̀fun náà kúrò jẹ́jẹ́. Ẹ kò gbọdọ̀ fi Dẹ́tọ̀ọ̀lù, Izal, kẹrosíìnì, sípírítì tàbí Robb kàn án, ẹ kò sì gbọdọ̀ fún un ní parasítámọ̀ tàbí oògùn ìrora yín. Bí ẹ bá ti ń fọ̀ ọ́, ẹ wo inú irun rẹ̀ dáadáa, lábẹ́ apá, nídìí, àti nínú etí. Bí ẹ bá rí ohun funfun kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ irun bí ìrẹsì tó tín-ín-rín, ẹyin eṣinṣin ni. Nínú ooru wa yìí, wọn kì í pé ọjọ́ kan kí wọ́n tó di ìdin. Ẹ fi ẹ̀mú tàbí búrọ́ọ̀ṣì eyín tuntun yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nípa ẹsẹ̀ rẹ̀: ẹ má dì í. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yóò máa yún yín láti fi igi ìṣáná àti òwú tò ó. Yóò jẹ ẹ́ kúrò, tàbí kí okùn náà fún ẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi kú. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bóyá ẹsẹ̀ ló ṣẹ́ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ́, tí ìrù ṣì ń mì, ìrètí wà. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti kú tí ìrù náà sì rọ̀ jọwọlọ, tí ìtọ̀ ń ro lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ tọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Dókítà yóò fún ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra. Fífà tí ó bá fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn nìkan kò tó, ohun tí a ń wá ni kó yí orí pa dà wo ibi tó ń dùn ún. Èyí tó bá mọ ìrora lè sàn, torí nígbà mìíràn wíwú ló tẹ iṣan náà, yóò sì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí a bá fún un ní oògùn tí kò sì rí àyè fò. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n rárá, n kò ní purọ́ fún yín, kí dókítà fi abẹ́rẹ́ mú un sùn ló ṣàánú rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò lè gun igi, tí kò lè tọ̀ fúnra rẹ̀, ìyà ni yóò máa jẹ.

Ẹ ò jìnnà sí Yunifásítì Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko sì wà níbẹ̀. Àwọn tó wà ní Abẹ́òkúta ní ti FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Alábàtà. Ẹ pè kí ẹ tó lọ, kí ẹ sọ pé ẹranko igbó ni, ológbò ló bù ú jẹ, àti wákàtí tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣí páálí náà nínú mọ́tò.

Tí dókítà bá fún un ní oògùn tó sì ní kí ẹ máa gbé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ kàn. Ikún ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rẹ̀dí, ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ní ń pani: bí ẹ̀pà ti rí fún ọ̀kẹ́rẹ́ inú ilé gan-an nìyẹn. Yóò jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀, yóò sì kọ gbogbo nǹkan mìíràn sílẹ̀. Ẹ̀pà àti àgbàdo ní fọ́sífọ́rọ̀sì púpọ̀, kálísíọ̀mù wọn kò tó nǹkan, ara yóò wá máa yọ kálísíọ̀mù láti inú eegun láti fi dí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹranko tí ẹ rò pé ẹ ti wò sàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò rọ, eegun rẹ̀ yóò ṣẹ́ níbi tó ti fò láti orí àga sílẹ̀. Ẹ̀pà tó bá sì ti hu èébu tún lè ní májèlé nínú.

Ẹ fún un ní ohun tó ń jẹ nínú igbó: ẹyìn tútù láti orí ọ̀pẹ, èkùrọ́ tí a kò pa kó lè fi lọ eyín rẹ̀, ìbẹ́pẹ, gúáfà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀fọ́ tútù, àti tata tàbí esunsun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀kẹ́rẹ́ wa a máa jẹ kòkòrò. Ẹ lọ èèpo ẹyin tí ẹ ti sè kúnná, kí ẹ wọ́n ọn sórí èso rẹ̀. Ẹ fi egungun gbígbẹ tí kò ní iyọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ óò gbọ́ ọ lóru tó ń họ ọ́. Ẹ̀gẹ́ tútù, ṣokoléètì, ẹ̀pà oníyọ̀, èèpo àti kóró píà, wọn kò gbọdọ̀ dé iwájú rẹ̀. Ẹ máa wo eyín rẹ̀ iwájú pẹ̀lú: eyín ọ̀kẹ́rẹ́ kì í dáwọ́ dídàgbà dúró, bí èyí tó wà lókè bá sì ti ṣẹ́ nígbà tó já bọ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ yóò máa gùn títí yóò fi gún un ní àjà ẹnu.

Ní ti sísìn ín, rárá ni. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, kí ó lè bínú sí mi dípò yín. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ti dàgbà nínú igbó kì í di ẹran ọ̀sìn. Bí ara rẹ̀ bá ti yá, yóò jẹ wáyà iná, yóò jẹ ilẹ̀kùn, yóò sì bu ọwọ́ tó ń fún un lóúnjẹ jẹ títí dé egungun. Ìgbóná ara tí yóò fi máa bá yín jà yẹn gan-an ni àmì pé ó ti sàn.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà a máa bi mí, torí ọ̀kẹ́rẹ́ kún àgbàlá wọn. Òfin tiwọn yàtọ̀. Ní England, láti ọdún 2019, kò bófin mu kí ẹnikẹ́ni tó gba ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú là tún tú u sílẹ̀, nítorí Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá, ó sì ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ilẹ̀ wọn kúrò. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè tọ́jú ẹranko igbó nílé. Kí wọ́n pe àwọn tó ní ìwé àṣẹ náà kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun.

Tiyín, nígbà tó bá ti ń gun ẹ̀ka tí ẹ fi sínú àgò rẹ̀ láìṣubú, tó ń fi eyín fọ́ èkùrọ́ fúnra rẹ̀, tó sì ń ké nígbà tí ẹ bá súnmọ́ ọn, ẹ gbé e pa dà sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ológbò ti mú un. Ẹ má gbé e lọ sí igbó mìíràn, kò mọ igi ibẹ̀, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tó ni ibẹ̀ yóò sì lé e. Kó jẹ́ àárọ̀, nígbà tí ìrì ti gbẹ, tí òjò kò ṣú. Ẹ bẹ aládùúgbò yín kí wọ́n ti ológbò wọn mọ́lé lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé àgò sí ìdí igi tó tóbi jù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sì pa dà sẹ́yìn. Ọmọ yín lè dúró lójú fèrèsé wò ó. Ó lè pẹ́ kó tó jáde.